Ìdajì Owó Legrand

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Ambrose Legrand, oníṣòwò òwú ní Charleston, lódìkejì òkun. Òun ló ń ta òwú fún wa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àbúrò mi. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà sé òwú mọ́ ọ̀hún, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wa ní Preston, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi ti kú, onílé sì ní ká sanwó kí oṣù tó parí, àbí ká kó jáde.

Ìgbà náà ni lẹ́tà Legrand dé, pẹ̀lú ìdajì owó bébà ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Bí wọ́n ṣe ń fowó ránṣẹ́ lórí òkun nìyẹn: wọ́n á gé e sí méjì, apá kan á wọ ọkọ̀ yìí, èkejì á wọ òmíràn, kí olè má baà rí i ná. Àmọ́ Legrand ní apá kejì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó di ìgbà tí ìyá mi bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa sí ìwé ẹ̀bẹ̀ táwọn olówó ìlú ń kọ, pé kí ìjọba wa ka àwọn olówó ẹrú Gúúsù, tó ń bá ìyókù Amẹ́ríkà jagun, sí orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Ó wá kí àwa ọmọ nísàlẹ̀ ìwé. Inú bí mi sí ìkíni yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Enoch, àbúrò bàbá mi, ti ki kálámù bọ tàdáwà.

"Ìyàwó wa, orúkọ lásán ni. Ẹ kọ ọ́, ká rówó ilé san."

"Ọkọ mi, ẹ rọra. Ẹ rántí Dorcas?"

Ta ni yóò gbàgbé Dorcas? Ẹrú Legrand ni, ó bá wọn wá kí wa lọ́dún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Orí itan rẹ̀ ni mo sùn títí ara mi fi yá. Ìyá mi ní kó dúró tì wá, pé kò sẹ́ni tó lè mú un lẹ́rú nílẹ̀ wa. Dorcas ní ọmọ òun wà lọ́wọ́ wọn ní Charleston. Ó sì bá wọn padà.

"Ṣé Dorcas ló máa bá wa sanwó ilé?" Enoch bèèrè.

"Tó bá dé, ẹ bi í."

Ìyá mi gba kálámù, ó ń kọ, ó ń kà á sókè: "Ọ̀gbẹ́ni Legrand, ìdajì tó wà lọ́wọ́ yín ò lè ra búrẹ́dì láìsí tọwọ́ mi. Ẹ fi Dorcas àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ wá sí èbúté Liverpool. Ọjọ́ tí mo bá fojú kàn wọ́n ni màá dá ìdajì ọwọ́ mi padà fún yín."

"Ẹ ti lé wa síta nìyẹn," ni Enoch wí.

"Mo mọ̀."

A kó jáde lóòótọ́. Yàrá kan ṣoṣo la há sí, a sì ń tò fún ọbẹ̀ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ti bá wa ṣiṣẹ́ rí. Legrand kọ́kọ́ kọ̀wé bú wa. Nígbà tó yá, owó ìlú tiwọn di bébà lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ mọ́, ká ṣáà gbé ìdajì ọwọ́ wa fún aṣojú òun ní Liverpool, yóò fún wa láàádọ́ta pọ́n-ùn.

Ebi ń pa wá lọ́jọ́ náà. Enoch kà á tán, ó tún un kà.

"Ṣé ó dárúkọ Dorcas?" ìyá mi bi í.

"Rárá."

"Ẹ gbé e wá."

Ó fi lẹ́tà náà dáná, ó sì gbé omi tíì lé e.