Bàbá Gbénga Fọ Mọ́tò Lóṣù Ṣẹ́rẹ́

Oore tí èèyàn ò tọrọ ló máa ń ni èèyàn lára jù. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá ọkọ mi fi wa ọkọ̀ àjàgbé láti Ṣàgámù dé Kánò, ọkọ̀ wọn kò sì jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan rí láìfọ̀. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Ardwick nílùú Ọba, mi ò rántí èyí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, mo ń ṣàròyé fún Gbénga ọkọ mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, mo sì ti pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á dá mi dúró, físà gbogbo wa sì wà lórí iṣẹ́ yẹn. Bàbá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Bàbá dúró ti mọ́tò mi pẹ̀lú garawa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò ń dán. Yìnyín ló ń dán bẹ́ẹ̀. Garawa omi mẹ́rin ni wọ́n ti dà lé e, gbogbo rẹ̀ sì ti dì gbagidi.

“Ìyàwó mi, mo ní kí n bá ọ dín iṣẹ́ kù, kó o má baà pẹ́.”

“Ẹ ṣé gan-an sà.” Ohun tí mò ń sọ nínú ọkàn mi kì í ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń sọ.

Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀, wọn ò ṣí. Búùtù ni mo rá gbà wọlé bí olè, mo ṣíná mọ́tò kí ara rẹ̀ lè gbóná, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha yìnyín ojú gíláàsì.

“Ihò kékeré tó o lè fojú yọ́ ti tó,” ni Bàbá wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni sà,” mo wí, mo sì ha gbogbo rẹ̀ tán.

Wọ́n ní àwọn máa sìn mí lọ síbi iṣẹ́ ní Openshaw, torí mi ò mọ mọ́tò wà tó àwọn. Wọ́n jókòó tì mí.

“Tẹ iná! Ṣé òkú lo gbé ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Mò ń rọra lọ.

“Sún mọ́ ọkọ̀ fáànù iwájú yẹn, kí ẹlòmíì má baà bọ́ síwájú rẹ!”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.” Mo tún fà sẹ́yìn sí i.

Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ìdí mọ́tò yọ̀ lọ sápá kan. “Bíréèkì! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà!” Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbogbo rẹ̀, mo rọra tọ́ ọ, ó sì gbọ́ràn. Fáànù iwájú ló tẹ bíréèkì ní tiẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó gun ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì kọjú sí wa. Awakọ̀ rẹ̀ jáde láìfarapa, ó ń bú òjò, ó ń bú ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá wo fáànù, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. “O ò tẹ bíréèkì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

A dé ilé Doreen, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú. Mo ti fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Jordan, ọ̀gá wa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù tó fi ń kọ àkókò wa sílẹ̀.

“Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, Adéwùnmí.”

Kí n tó lanu, Bàbá ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín. “Èmi ni mo jẹ̀bi! Ẹ bá mi dárí jì í!”

Jordan figbe ta. Lójú tiẹ̀, arúgbó ló yọ̀ ṣubú. “Má gbé e o! Bóyá egungun ìdí rẹ̀ ti kán!” Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo Bàbá.

“Dádì, ẹ dìde sà.”

“Mi ò dìde, àfi tó bá dárí jì ọ́.”

“Kí ló wí?” Jordan bi mí.

“Ó ní òun ò lè dìde tẹ́ ẹ bá lé mi.” Ṣé irọ́ ni mo pa?

“Ta ló ń lé ẹnikẹ́ni? Ojú ọ̀nà ni! Màá kọ ọ́ pé yìnyín ló fà á!”

Mo sọ ọ́ fún Bàbá.

“Kó kọ ọ́ kí n rí i.”

Jordan kọ ọ́, ó sì gbé fóònù sún mọ́ wọn nílẹ̀. Bàbá, tí wọ́n ti gbàgbé jígí ojú wọn sílé, wò ó dáadáa, wọ́n mi orí pé ó tó, wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ. Jordan la ẹnu, kò lè pa á dé.

Ẹ̀rín tó ń pa mí tẹ́lẹ̀ wá di omijé. Ojú tì mí fún gbogbo èébú tí mo ti bú wọn nínú láti àárọ̀.

“Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé,” wọ́n rọra wí, “mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé rí. Má sọ fún Gbénga.”