Ìgò Jíìnì tí Augustin Fi Lọ Bẹ Ìyàwó Rẹ̀

Lọ́dún tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ilé ọtí mẹ́ta péré ni ènìyàn ti lè rí jíìnì rà nínú ìlú Ifangni, Augustin kò sì lè wọ èyí tó dára jù nínú wọn. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ o. Bí wọ́n bá fi aṣọ dì í lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé ilé ọtí Tántí Marthe, ìdí rẹ̀ á sì rí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n Justine ìyàwó rẹ̀ ti ní kó má fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé, òun náà sì ti ṣèlérí. Ó kàn jẹ́ pé ìlérí ọ̀hún pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó fi máa jáde, Justine ti pọn ọmọ, ó ti di ẹrù, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ko-Koumolou.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà sọ pé obìnrin náà le jù. Ara Mojọlá, ọmọ wọn, ń gbóná lọ́jọ́ kan, ó ń jó Justine lọ́wọ́. Òjò ń rọ̀. Alùpùpù móbílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Augustin ti gùn ún láti ibi iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe lọ tààrà sọ́dọ̀ Tántí Marthe. Justine pọn ọmọ, ó fi ike bò ó, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwòsàn. Iwájú ilé ọtí yẹn ni ọ̀nà gbà kọjá. Ó rí móbílẹ́ẹ̀tì níta, ó dúró, ó pe ọkọ rẹ̀. Augustin dáhùn láti inú ilé pé, "Mò ń bọ̀." Justine dúró, dúró, òjò ń pa á. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Justine kò ti bá ọkọ rẹ̀ jà mọ́, ó kàn ń wò ó ni. Ó yẹ kí ìyẹn ba ọkùnrin lẹ́rù. Augustin tiẹ̀ rò pé ilé ti tòrò.

Bàbá Justine ti kú, nítorí náà Bàbá Ògúnrìndé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí wọn. Bàbá náà ránṣẹ́ pé kí Augustin wá bẹ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó sì gbé ìgò jíìnì kan dání tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó ní òun kò fẹ́ sódábì, ògógóró ilẹ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń se sódábì tí gbogbo Ko-Koumolou ń mu, ṣé wọ́n á wá gbé ohun tí òun ń sè wá fi bẹ òun ni? Àṣà kan tún wà nínú ẹbí wọn: ẹni tó ṣẹ̀ gan-an ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọtí ẹ̀bẹ̀. Kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó ṣí ìgò, àgbà yóò bi í lójú gbogbo ènìyàn pé ta ló rà á, níbo ló sì ti rà á. Wọ́n ní àna wọn kan láyé àtijọ́ rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ rà á, àwọn àgbà sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló bẹ̀bẹ̀, kí ọmọ ọ̀dọ̀ náà máa mú ìyàwó lọ.

Ọjọ́ Sátidé, Augustin kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì. Mùsùlùmí ni Ọ̀ṣẹ́nì, kì í fi ẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n ó ń tà á lábẹ́ tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá epo àtùpà. Ó fa ìgò kan yọ, ó fi etí aṣọ nù ún. Augustin gbóòórùn rẹ̀, epo àtùpà ló ń rùn. Ó yí ọmọrí rẹ̀ wò, ọmọrí náà ń yí gbirigbiri.

"Ọ̀ṣẹ́nì, wọ́n ti ṣí ìgò yìí."

"Wọn ò ṣí i. Ó dẹ̀ díẹ̀ ni."

"Ó dẹ̀ báwo? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ọtí ni wọ́n pè é fún mi," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, ojú rẹ̀ kò yẹ̀. "Èmi tí mi ò mu ún rí, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n mu, tọ́ ọ wò, kí o sọ fún mi."

Ó ṣe Augustin bíi kó fọ́ ìgò náà mọ́lẹ̀. Òun tó yẹ kó jẹ́ ẹni tí kò mutí mọ́, ni ẹni yìí ní kó wá tọ́ ọ wò láàárọ̀ kùtù! Ó gbé ìgò padà sórí tábìlì, ó jáde, òórùn epo àtùpà sì bá a lọ lọ́wọ́.

Ó yà sọ́dọ̀ Séraphin. Séraphin ni olórí kòmítè Rẹfolúsíọ̀n ní àdúgbò, kò sì sí bí o ṣe lè ra ìpara lọ́wọ́ rẹ̀ kí o má kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù. Bí Augustin ṣe yọjú, Séraphin na ẹ̀ṣẹ́ sókè bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nínú Rẹfolúsíọ̀n, ó ní, "Ehúzù!" Augustin dáhùn pé, "Dandan!" nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun síbì kankan. Lẹ́yìn Séraphin, lókè pátápátá, jíìnì gidi tò síbẹ̀, tí ìdè wọn kò yẹ̀. Inú Augustin dùn.

"Kámáráàdì, ẹ bá mi mú ọ̀kan níbẹ̀ yẹn."

"Ti kòmítè nìyẹn. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Augustin sọ fún un. Ìyẹn ni àṣìṣe rẹ̀. Séraphin gbá ọwọ́ lé tábìlì, ó ní irú àṣà wo nìyẹn, pé ọkùnrin tó ń jẹun nínú ìjọba àwọn aráàlú fẹ́ gbé ọtí òyìnbó lọ kúnlẹ̀ fún arúgbó nítorí obìnrin. Ó ní ohun tí àwọn ń bá jà gan-an rèé. Ó ní kó gbé sódábì, ọtí ilẹ̀ wa.

"Ẹni tí mò ń lọ bẹ ló ń sè é," ni Augustin wí.

Séraphin ronú díẹ̀. "Gbé wáìnì nígbà náà." Ó bu wáìnì pupa díẹ̀ nínú àgbá sínú ife, ó tì í sí i. Augustin kò mu ún, ó kàn gbé e sún mọ́ imú, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọbẹ̀ ni à bá fi irú wáìnì yẹn sè. Ó bẹ Séraphin, ó tún un bẹ̀, pé ìgò jíìnì kan ṣoṣo péré ni. Ojú Séraphin wá rọ̀. Ó ní kò burú, kí Augustin wá sí ìpàdé kòmítè lọ́la, lẹ́yìn ìpàdé àwọn á wo ohun tí àwọn lè ṣe.

"Ọ̀la ni mò ń lọ bẹ ìyàwó mi!"

"Ìpàdé wa kì í pẹ́," ni Séraphin wí. Irọ́ ni. Gbogbo Ifangni ló mọ̀ pé ìpàdé Séraphin kì í tán kí oòrùn tó wọ̀.

Augustin jáde síta, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà móbílẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ dùn ún, inú tún bí i sí i. Porto-Novo kò jìnnà, jíìnì sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n epo ẹ̀sáǹsì ni móbílẹ́ẹ̀tì ń mu, Nàìjíríà sì ni ẹ̀sáǹsì ti ń wá. Èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju kó gbé e dé Ko-Koumolou lọ. Ọkọ̀ èrò pàápàá, wọ́n ti pa wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ọjọ́ díẹ̀. Ibi tó ti ń rojọ́ fún táyà ni Delphine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ sìn ín lọ lọ́jọ́ kejì, ti bá a.

"Lọ sọ́dọ̀ Marthe," ni Delphine wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣèlérí."

"Ìlérí rẹ ò lè wọnú ìgò. Ṣé ọwọ́ òfìfo lo fẹ́ gbé lọ bá Bàbá Ògúnrìndé?"

"Ẹ̀yin ẹ bá mi rà á."

"Kí n wá máa sọ pé èmi ni mo rà á níwájú wọn? Kí wọ́n fún mi ní Justine kí n máa mú un lọ sílé ọkọ mi? Má bínú, mi ò sí níbẹ̀."

Kò sí ìlú tí wọn kì í fi ọtí ṣe màgòmágó lásìkò yẹn, wọ́n á fi sódábì kún ìgò jíìnì, wọ́n á tún un dé. Marthe nìkan ni kò sí ẹni tó lè tàn. Yóò wo ìgò kọ̀ọ̀kan lójú oòrùn kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, yóò so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, yóò yọ́ ìda àbẹ́là lé ìso náà, yóò sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Láti Daagbé títí dé Ko-Koumolou, bí àgbà bá rí òwú pupa yẹn, kò tún ní béèrè nǹkan mìíràn. Augustin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Justine náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Tántí Marthe, ó na ọwọ́ wọlé, ó ní kí wọ́n gbé jíìnì kan fún òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Èwo ni tìta?" ni Tántí Marthe wí. Òun kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó kàn án ni kí ọjà òun dára. "Èmi ò kì í gbé ọtí fún ẹni tó dúró síta bí ẹni tó ń gba owó orí. Wọlé, jàre."

Augustin wọlé. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, kò jókòó. Wọ́n bu ọtí fún un, kò gbà á. Ó dúró gbagidi láàárín ilé títí ìda fi gbẹ lórí òwú, ó sanwó, ó sì jáde. Orí rẹ̀ wú. Kò tíì jáde nínú ilé yẹn bó ṣe wọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tó ti mọ ibẹ̀. Ó wá ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì bóyá ẹnìkan rí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni lójú títì.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tó dá móbílẹ́ẹ̀tì dúró. Ó mú ìgò jáde, ó ń wo òwú pupa yẹn.

"Mo fẹ́ gé e," ló wí fún Delphine.

"Gé e. Kí wọ́n ní o ti ṣí i lọ́nà, kí wọ́n dá wa padà. Wọ́n mọ irú ènìyàn tí o jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Ó fi òwú sílẹ̀.

Bàbá Ògúnrìndé àti àwọn àgbà ẹbí ti jókòó dè wọ́n. Justine wà nínú yàrá, aṣọ ìlẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wọn. Delphine kúnlẹ̀, Augustin dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá gbé ìgò sókè, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ ra ìda náà, ojú rẹ̀ tàn. Síbẹ̀, àṣà ni àṣà.

"Ta ló rà á?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Níbo lo ti rà á?"

Delphine húkọ́. Augustin ní, "Lọ́dọ̀ Tántí Marthe." Aṣọ ìlẹ̀kùn mì díẹ̀. Ó bá sáré fi kún un pé, "Bàbá, mi ò jókòó o. Mi ò fi ẹnu kan nǹkan kan níbẹ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìyẹn?" ni Bàbá wí, àwọn àgbà sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n já òwú, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, ife sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọtí náà mọ́, ó dára, wọ́n yìn ín. Augustin gan-an mí kanlẹ̀. Bàbá ní ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, ó pe Justine pé kó jáde wá.

Justine jáde, Mojọlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Wọ́n na ife sí i, kò gbà á.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mojọlá, nígbà tí mo pè yín nínú òjò, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Lánàá ńkọ́, ta ló ní kí ẹ wọlé níbẹ̀?"

Augustin fẹ́ ṣàlàyé ti Ọ̀ṣẹ́nì, ti Séraphin, ti ẹ̀sáǹsì, ti ọjọ́ gbogbo tó fi sáré kiri. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kọ́ nìyẹn. "Tántí Marthe ni."

"Ẹ sì wọlé."

"Justine, mi ò mutí níbẹ̀. Mo búra."

"Mo gbà yín gbọ́. Ẹ ò mutí. Ó pè yín, ẹ sì dá a lóhùn." Kò gbé ohùn sókè rárá.

Bàbá Ògúnrìndé gbé ife kalẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, àgbà kì í mu ọtí ẹ̀bẹ̀ tán kó tún máa gbọ́ ẹjọ́, ọtí ti wọnú àwọn, kí Justine lọ di ẹrù.

Justine ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ mu ún. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá a lọ sílé."

Augustin wá ẹni tí ì bá bínú sí láàárín wọn, kò rí ọ̀kan. Mojọlá ti na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń pe bàbá, bàbá. Justine dìde, ó sún mọ́ ọn, ó dúró kí ọmọ náà fọwọ́ kan bàbá rẹ̀ lójú tí omijé ti rin, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ.