Ẹyin Méjìdínlógún Tí Mo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Òfin tuntun jáde pé kí gbogbo ẹni tó bá ń sin ejò, ìjàpá, ọ̀nì tàbí awọ́nríwọ́n nínú ilé wá forúkọ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, pé ilé kan kò sì gbọdọ̀ ní ju mẹ́rin lọ. Ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ ọ ni mo múra, mo lọ. Mo rò pé ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe nìyẹn.

Malik ni orúkọ mi. Fíríìjì àti amúlétutù ni mo ń tún ṣe ní Alákijà, ilé mi sì wà nínú kílóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já, ní Festac, níbi tí kò sí ọmọdé tí kò mọ ìjàpá mi méjèèjì. Akọ tóbi tó àpótí ìjókòó, abo kéré sí i díẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fún wọn ní koríko àti ewé ọ̀dùnkún. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni abo ti ń yé ẹyin, kò sì sí ọ̀kan tó di ọmọ rí. Ti ọdún àkọ́kọ́, èmi gan-an ni mo ṣekú pa wọ́n. Mo ń yí wọn lójoojúmọ́ bí adìyẹ ṣe ń yí ẹyin tirẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹyin ìjàpá kì í fẹ́ kí wọ́n yí òun. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣe yé e sílẹ̀ ni yóò wà títí ọmọ yóò fi jáde. Bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ á kú, ìwọ á sì máa ṣọ́ òkú láìmọ̀.

Lọ́dún yìí, mo ti gbọ́n. Mo tú gbogbo inú fíríìjì àtijọ́ kan dànù, mo fi gílóòbù kékeré méjì sí i kó máa móoru, mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀, mo sì so ó mọ́ bátìrì kí NEPA má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo ṣe ń hú àwọn ẹyin náà nínú ilẹ̀ ni Nùsírátù, ìyàwó mi, ń fi pẹ́ńsù sàmì sí orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè máa mọ apá tó yẹ kó wà lókè. Méjìdínlógún ni wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan funfun kan bí ẹfun yọ lára gbogbo wọn. Láàárín àwa tí a ń sin irú ẹran yìí, bí funfun yẹn bá ti yọ, ọmọ ti dé nìyẹn. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì kí mi kú oríire ọmọ títí fóònù mi fi kú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè pé ẹranko mélòó ló wà lọ́wọ́ mi, ogún ni mo kọ síbẹ̀. Àgbà méjì, ọmọ méjìdínlógún. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa ni ì bá kọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kìlọ̀ fún mi o. Samson tó ń sin òjòlá mẹ́fà ní Abúlé Adó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀ o. Àwọn bọ̀bọ́ gọ́fúmẹ́ńtì yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ fún wọn ni wọ́n máa fi mú yín. Èmi ò lọ ní tèmi jàre." Mo sọ fún un pé ojo ni. Nùsírátù náà ní, "Bàbá Raodah, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀yin wá gbéra, ẹ lọ ka tiyín fún gọ́fúmẹ́ńtì." Mo fi òun náà rẹ́rìn-ín.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì kan ilẹ̀kùn wa. Obìnrin náà ní Ẹ̀bùnlọlá lòun ń jẹ́, pé òun ni ọ̀gá tó ń mójú tó ìforúkọsílẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó wọlé. Àwọn ọkùnrin tó tẹ̀ lé e gbé kíréètì ẹyin dání, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ẹyin adìyẹ. 

Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Àkọsílẹ̀ yín la bá wá. Mẹ́rin lòfin gbà, ogún lẹ kọ. A máa kó mẹ́rìndínlógún lọ."

Mo ní, "Madam, ìjàpá méjì ni mo ní. Ẹyin ni ìyókù. Ẹ fún mi ní oṣù kan péré kí wọ́n jáde. Mo ti rí àwọn tó máa gbà wọ́n, ilé kan ò sì ní gbà ju mẹ́rin lọ. Orúkọ wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn ló wà nínú ìwé yìí."

Kò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Fọ́ọ̀mù mi ló nà sí mi. "Ẹ wò ó sà. 'Ẹranko: ogún.' Ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Ó dáa," mo ní. "Bí wọ́n bá jẹ́ ẹranko, ẹ gbé wọn bí ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ má yí wọn, ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn. Bí wọ́n bá sì jẹ́ ẹyin, òfin yín ò dárúkọ ẹyin níbì kankan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Ó tún fọ́ọ̀mù náà wò. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó wá ní, "Sà, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti ṣí fíríìjì. Ó mú ẹyin kan, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣa ọsàn, ó wo àmì pẹ́ńsù ara rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú kíréètì. Ó mú òmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí n kì í bẹ oníbàárà tó jẹ mí lówó, mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ ara mi, mo ní kí wọ́n dákun gbé gbogbo fíríìjì náà lọ pẹ̀lú gílóòbù àti bátìrì rẹ̀, pé mo fi ta wọ́n lọ́rẹ. Madam yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní fíríìjì kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí àwọn kó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Nùsírátù kò bá di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe. Wọ́n fi ẹyin méjì sílẹ̀ nínú yanrìn, kí iye tó kù lè pé mẹ́rin tí òfin gbà, wọ́n sì kí wa pé ó dàbọ̀. Samson ń bẹ ní Abúlé Adó pẹ̀lú òjòlá mẹ́fà, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí dòní. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo máa ń pa òwe yẹn tẹ́lẹ̀, àṣé n kò mọ bó ṣe máa ń dunni tó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n ní madam ò sí lórí ìjókòó. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní kí n máa retí èsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò dákẹ́, tara mi sì bá mi dákẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn, ẹyin méjì tó kù nílé sán. Àwọn ọmọ náà tì í láti inú, wọ́n yọrí, wọ́n sì ń wò wá. Nùsírátù sunkún. Ọdún mẹ́fà. Inú mi dùn débi pé n kò lè dúró, inú tó dùn náà ló sì tún ń bí mi, nítorí mo mọ̀ pé àwọn yòókù wọn ì bá ti máa jáde báyìí. N kò dúró jẹun, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ.

Madam wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Orí kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni kíréètì wà, lábẹ́ amúlétutù. Iṣẹ́ mi ni amúlétutù, ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé ìwọ̀n òtútù mẹ́tàdínlógún ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Mo fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà. Wọ́n tutù bí omi inú ìkòkò. Àmì pẹ́ńsù ìyàwó mi wà nísàlẹ̀ lára àwọn kan, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára àwọn mìíràn.

Madam ní, "Sà, láti ọjọ́ tá a ti gbé wọn dé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí n dúpẹ́.

Mo ní, "Wọ́n ti kú, madam. Gbogbo wọn."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ ẹranko tó bá kú sí wọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ta ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ àti ohun tó pa á, ó sì dúró. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rọra yí fọ́ọ̀mù náà dojú délẹ̀.

Ó ní, "Sà, ká sòótọ́, ẹyin lásán ni wọ́n. Wọ́n kàn bàjẹ́ ni. Ẹ lè máa kó wọn lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn, ẹranko ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n kú tán, wọ́n di ẹyin. Mo ti rò pé bí mo bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, n ó pariwo, gbogbo ọ́fíìsì á sì pé lé wa lórí. N kò pariwo. Mo mú ẹyin kan nínú kíréètì, mo fọ́ ọ létí tábìlì rẹ̀, mo sì là á sórí fọ́ọ̀mù tó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ìjàpá ni. Kò tó àtàǹpàkò mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, èékánná wà níbẹ̀, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní ojú ìlà, ojú rẹ̀ sì pa dé.

Madam fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wò ó pẹ́. Èmi náà dúró, n kò jókòó.

"Ẹ kọ ọ́," mo ní.

Nígbà tó yá, ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn nínú dúrọ́ọ̀, ó mú báírò, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: ìjàpá, ọ̀kan.

Mo nawọ́ mú ẹyin kejì.