Àléébù Kẹrin

Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti yíjú kúrò lára rẹ̀ títí, mo tún padà wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀ — àléébù kẹrin, nísàlẹ̀ ojú ewé, ó jókòó bí ìgbẹ́ ológbò lórí ẹní. Láìpẹ́ Wilma Ostrander, ẹni tí wọn ò gba àbá ọkọ̀ rẹ̀, máa wọlé, á jókòó síwájú mi, á mú pẹ́ńsù rẹ̀ jáde, èmi ni màá sì kà á sí i létí. Kì í ṣe Lindqvist, ẹni tó kọ ọ́, ló máa kà á. Lindqvist, ọ̀gá mi, wà lókè ní àjà kẹsàn-án, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ̀pà yẹn gan-an... Ẹ̀pà yẹn ló kọ́kọ́ kó mi nírìíra. Nínú yàrá tí a ti ń darí ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú, ẹ̀pà kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń jù sẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ rí, tí ọwọ́ wa ò tó o mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gbé ike ẹ̀pà yí ká, kálukú á mú díẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun gbà á gbọ́ pé ó ń mú oríire wá, kò sì sẹ́ni tó máa kọ̀ ọ́. Lindqvist ò jókòó sí yàrá yẹn rí. Ó gbọ́ ìtàn rẹ̀, ó ra ìgò ńlá kan, ó gbé e ka orí tábìlì kí àlejò lè rí i. Lánàá ó ń bù ú jẹ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń lá iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìka tó lá yẹn tọ́ka sórí ìwé mi. Àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà létí ojú ewé. Mo ń wò ó báyìí, ó ń dán.

“Corinne, àléébù mẹ́ta ò tó. Fi ẹ̀kẹrin kún un.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń ní kí wọ́n fi ẹyin kan kún oúnjẹ òun. Mo ní ìgbìmọ̀ tó yẹ àwọn àbá ọkọ̀ wò ti parí iṣẹ́ wọn, wọ́n ti lọ sílé. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti bá wọn kọ ọ́.

Ti bá wọn kọ ọ́... Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó. Òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, kọ́tìnì títì pa, kọfí tó ti sè jù, bisikíìtì tó ti rọ̀. Bó bá kan ìwé tí ọ̀rẹ́ ẹnì kan wà nínú rẹ̀, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ọmọ tó kọ́ níwèé láìpẹ́, olúwarẹ̀ á dìde fúnra rẹ̀, á lọ dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ títí wọ́n á fi pè é. Ọkùnrin arúgbó kan wà tó lo odindi ọ̀sán kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn, tó ń wo àwòrán ẹṣin lára ògiri, nítorí pé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ṣe bátìrì ọkọ̀ kan. Irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀. A fọ ọwọ́ títí awọ fẹ́ẹ̀ bó — kí Lindqvist lè wá ki ọwọ́ oníyọ̀ rẹ̀ bọ inú ìkòkò.

Àbá ti Wilma ló sì gba ipò kìíní. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Tírítọ́nù ló fẹ́ rán ọkọ̀ lọ, òṣùpá Nẹ́pítúùnù, òṣùpá tó ń rìn sódì, tó tutù débi pé atẹ́gùn ibẹ̀ ti dì, síbẹ̀ tí nǹkan ń tú sókè láti inú ilẹ̀ rẹ̀ bí èéfín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ kan kọjá níbẹ̀ rí, ó ya àwòrán, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ ni Wilma nígbà yẹn, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí àwòrán náà ń gbà wọlé. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀bẹ̀ pé ká padà. Júpítà sì ń bọ̀ wá síbi tó ti lè ju ọkọ̀ síwájú fún wa báyìí, bí ẹni ju òkò, ká má nílò epo rẹpẹtẹ. Tí Júpítà bá kọjá, ó di ọwọ́ àwọn tó bá wà láyé nígbà tó bá tún padà wá. Wilma ò ní sí lára wọn.

Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí Àgùàlà ló ṣe ipò kejì. Mi ò ní ohun burúkú kankan láti sọ sí Àgùàlà. Ó ń bá òṣùpá rìn jẹ́jẹ́ tirẹ̀, kò mọ aṣòfin kankan. Àmọ́ ìpínlẹ̀ aṣòfin àgbà tó ń bu owó fún wa ni wọ́n ti máa kan ọkọ̀ Àgùàlà, gbogbo ilé yìí ló sì mọ̀, títí kan ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀. Ohun tó ń rí mi lára jù tiẹ̀ nìyí: Lindqvist láṣẹ láti mú ipò kejì. Òfin gbà á. Kò ju kó kọ ọ́ pé, èmi Garrett Lindqvist, mo wo àpò wa, mo mú Àgùàlà. Wilma á gbé e mì. Ó ti gbé èyí tó korò jù bẹ́ẹ̀ lọ mì. Ṣùgbọ́n rárá. Lindqvist fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì fẹ́ kí ẹnu òun mọ́. Ó fẹ́ kó dà bíi pé ìmọ̀ ló yàn, pé ara ọkọ̀ Wilma ni àbùkù wà. Kò sì lè fi ẹnu tirẹ̀ sọ ọ́. Tèmi ló fẹ́ yá.

Àti ohun tó wá mú... Nínú gbogbo ohun tó lè mú. Ìrìnàjò náà gùn débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bá rán ọkọ̀ lọ ò ní sí nídìí iṣẹ́ mọ́ nígbà tó bá débẹ̀. Wilma mọ̀. Nínú àbá rẹ̀, ó fi ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan ti àgbà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ orúkọ wọn, ó kọ ìgbà tí àgbà á dìde lórí àga tí ọmọdé á jókòó, tí àgbà á lọ sẹ́yìn, á sì panu mọ́ àyàfi tí wọ́n bá bi í léèrè. Orúkọ tirẹ̀ ló kọ ṣáájú nínú àwọn tó máa dìde. Ìgbìmọ̀ kà á tán. Ọkùnrin ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn ní, “Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí irun mi tó funfun, mi ò tíì rí ẹni tó múra àtilọ sílẹ̀ dáadáa báyìí rí.” Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára kìíní tí àbá rẹ̀ ní. Ìyẹn ni Lindqvist dojú rẹ̀ dé. Agbára kìíní pòórá lójú ewé àkọ́kọ́, ó di àléébù kẹrin lójú ewé kejì.

“Ẹgbẹ́ yìí ti dàgbà jù, kò sì dájú pé àwọn tó máa kù á mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe.”

Ọ̀rọ̀ òpè. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé. Dàgbà jù — a kì í dárúkọ ọjọ́ orí nínú ilé yìí, agbẹjọ́rò á bá wa délé. Àbí kí n ka ìyẹn sétí obìnrin tó... rárá o. Ó kéré tán, kí n mú “dàgbà jù” kúrò. Kí n ní... kí n ní ètò tí wọ́n ṣe láti fi iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò ní gún un bíi ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń ṣàánú rẹ̀ ni.

Tàbí kí n fò ó. Mo lè fò ó. Kí n ka mẹ́ta, kí n pa ìwé dé. Ìjókòó yìí lófin: à á ka agbára fún wọn, à á ka àléébù, wọ́n lè béèrè ìtumọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ jiyàn, àwa náà ò gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì. Tí mo bá fò ó, mẹ́ta tó kù ò lè ri ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé pàápàá. Wilma á rí i. Á kọ̀wé ẹ̀hónú kí Júpítà tó kọjá, wọ́n á ṣí gbogbo rẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì bá ipò kìíní níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ló di ojú ihò. Ṣùgbọ́n tí mo bá fò ó, Lindqvist á ti gbọ́ kí n tó dé ẹnu àtẹ̀gùn. Wọ́n á gba àga mi. Wọ́n á gbé ẹlòmíràn sí i, ẹni tí ò bìkítà, ẹni tí kò mọ ohun tí... Wo ohun tí mo ń sọ. Gbogbo ẹni tó ti jẹrà nílé yìí ló ní ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, pé tí òun bá lọ, ẹni tó burú jù òun lọ á dé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Lindqvist náà. Ó ń rùn bí ẹ̀pà.

Yàrá yìí kan náà ni wọ́n ti já èmi náà kulẹ̀ nígbà kan rí. Abẹ́ ilẹ̀, kò ní fèrèsé, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn bí ajá tí òjò pa. Èmi àti Wilma la jọ jókòó sí ọ̀hún nígbà yẹn, lápá àwọn tó pàdánù, wọ́n ń ka àléébù ọkọ̀ wa tí a fẹ́ rán lọ bá ìràwọ̀ onírù kan. Ọ̀rọ̀ àtijọ́, ó ti pẹ́ kọjá ibi tí òfin á fi ní kí n lọ dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ń sunkún nílé oúnjẹ tó wà ní kọ̀rọ̀, Wilma ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ inú àwo rẹ̀. Ó ní ẹkún kọ́, pé kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àléébù tí wọ́n bá kà.

“Ìgbìmọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n, ebi ń pa wọ́n, gbogbo wọn ló ń jà lórí gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń rí págunpàgun. Tó o bá gbọ́ èyí tó dán, tí o ò rí ojú rírán lára ẹ̀, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Òkè ló ti wá.”

Ó gbójú sókè wo àjà ilé oúnjẹ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì san owó oúnjẹ tí mi ò jẹ.

Mo gbé ife mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọfí ilé yìí, kò sí ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ rẹ̀... “Ètò náà ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.” Ó ṣì ń mì. Wilma á béèrè ìtumọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Á ní, ẹsẹ̀ wo ni kò múlẹ̀, ojú ewé wo? Àfi tí a bá gbà á láti ibòmíràn. Àfi tí... “Ètò náà dárúkọ àwọn tó máa gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn bí ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn.” Ẹ̀n-ẹ́n. Ìmọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀. Ta ló lè kọ èyí tí a kò kọ sílẹ̀ sínú ìwé? Kò sí ibi tí wọ́n á ti gbá a mú. Ó tún kúrú. Ó ń yọ̀ geere lẹ́nu. Ìríra gbáà ni. Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí n mọ ibi tí màá ti mí.

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Wọ́n ń wọlé, àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ náà ló ṣáájú, bí Wilma ṣe máa ń fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú súwẹ́tà aláwọ̀ eérú rẹ̀ àti ìgò omi. Ó dúró, ó wò mí.

“Corinne, ojú ẹ ti rẹ̀. Ṣé o tiẹ̀ jẹun?”

“Mo ti jẹun. Ẹ ṣé.”

Irọ́ àkọ́kọ́ rèé. Kò ṣòro rárá.

Mo ń kà. Agbára — mo bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó jẹ́ ìkejì tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àléébù kìíní, ọ̀rọ̀ eriali, págunpàgun. Ìkejì, págunpàgun, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò bá òpin rẹ̀ rẹ́. Ìkẹta ò tilẹ̀ parí dáadáa, ó hàn pé wọ́n ti fẹ́ lọ jẹun. Pẹ́ńsù ń họ ìwé yí tábìlì ká. Ìkẹrin... mi ò ka èyí tó wà nínú ìwé. Èyí tó wà lẹ́nu mi ni mo ń kà.

Ó ń jáde. Kò kọ́ ohunkóhun lẹ́sẹ̀. Mo dúró níbi tó yẹ kí n dúró, mo mí níbi tó yẹ kí n mí, mo rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ ní ìparí — inú mi sì dùn. Ọlọ́run mi. Inú mi dùn sí i, bí inú ẹni ṣe ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Lindqvist gbé àkísà kan lé mi lọ́wọ́, àkísà tí Wilma ìbá fi ìka méjì ya sọnù lójú gbogbo wa. Èmi ni mo jókòó sí yàrá tó ń rùn yìí, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo rán an, tí mo lọ̀ ọ́, títí tó fi di ohun tí èèyàn lè wọ̀ jáde. Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Gbogbo èébì tí mo ti ń gbé mì láti àárọ̀, gbogbo ìríra mi, kò dá ọwọ́ mi dúró rí. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Pẹ́ńsù àwọn ọmọdé ṣì ń lọ. Ti Wilma dúró. Mo ń retí kó gbójú sókè wo àjà, síbi tí Lindqvist wà, bó ṣe ṣe nílé oúnjẹ lọ́jọ́ yẹn.

Kò wo òkè. Èmi ló ń wò.