Aago Bọ́ílà Mùsílíù

"Mummy, aago bọ́ílà yín ń sáré o," Ayọ̀fẹ́mi sọ, ó sì na ìka sí aago ara ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná mú ilé móoru kí ó tún un ṣe.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Hafeezah kò mọ̀ pé ohùn òun lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. Kíá ni ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ẹni tó ti tójú bọ́, tí ilé-iṣẹ́ tó ń ri páìpù omi gbígbóná sí àdúgbò rán wá bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, Hafeezah kò sì lè bínú sí i pẹ́.

"Ẹ má bínú, mà. One hour ni ó fi sáré. Ó yẹ kí ẹ ti dá a padà láti October."

"Mo mọ̀."

Mùsílíù ọkọ rẹ̀ ni kò dá a padà. Lọ́dún tí wọ́n ra ilé yìí ní Levenshulme, nílẹ̀ òyìnbó, nígbà tí gbogbo ìlú ń dá aago padà ní wákàtí kan nítorí òtútù tó wọlé dé, ó ní ti bọ́ílà kò ní yẹ̀: aago Ìlọrin ni yóò máa lò, nítorí ibẹ̀ ni ìyá òun wà. Bí àsùbáà bá ti kù dẹ̀dẹ̀ ní Ìlọrin, bọ́ílà á hó gùù, páìpù ara ògiri á máa dún kọ́, kọ́, kọ́. Mùsílíù á dìde nínú òkùnkùn, á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú kẹ́tù àlùwàlá, á sì tẹ ìyá rẹ̀ láago. Láti abẹ́ kúbùsù ni Hafeezah á ti máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nísàlẹ̀. Òun á tún sùn, títí àsùbáà tiwọn á fi tó.

Ọdún kejì rèé tí Mùsílíù ti kú. Bọ́ílà kò mọ̀. Láràárọ̀ ni ó ń hó, láràárọ̀ ni Hafeezah ń lajú, tí ó ń retí ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Láàárín ìgbà tí ó bá gbọ́ ọ sí ìgbà tí ó bá rántí, ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀?

"Ṣé tuntun yẹn máa ń dún?" ó bi Ayọ̀fẹ́mi.

"Rárá o, mà!" Inú rẹ̀ dùn láti sọ ọ́. "Kò sí bọ́ílà mọ́, kò sí gáàsì, kò sí noise. Ibì kan ṣoṣo lẹ́yìn ọjà ni omi á ti máa gbóná, á sì pín wọ ilé gbogbo yín."

"Bí mi ò bá wá gbà ńkọ́?"

"A ò fipá mú yín, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ló kù ní row ilé yìí, abẹ́ ilé yín sì ni páìpù máa gbà dé ọ̀dọ̀ Monica."

Monica ni arúgbó òyìnbó tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Bọ́ílà tirẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, kò sì rídìí tí òun yóò fi ra òmíràn nígbà tí páìpù ń bọ̀. Nígbà tí Hafeezah gbé ọbẹ̀ lọ fún un lánàá, pẹ̀lú kóòtù àti fìlà ló bá a lórí àga. Monica kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn béèrè bóyá Hafeezah ti ronú sí ọ̀rọ̀ páìpù, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ata inú ọbẹ̀. Ojú ti Hafeezah débi pé kò lè jókòó.

"Mo fẹ́ yẹ abẹ́ ilé wò. Ṣé kí n pa bọ́ílà ná, mà?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀fẹ́mi pa á, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ilé dákẹ́. Hafeezah jókòó sórí àga Mùsílíù, ó ń wo ẹ̀rọ náà lára ògiri. Kí ni Mùsílíù máa ń ṣe bí ó bá ti dún? Kì í dúró gbọ́ ọ. Fóònù ló máa ń gbé. Láti ìgbà fìdáù rẹ̀, ọjọ́ ọdún nìkan ni Hafeezah ń pe Ìyá ní Ìlọrin, láàárín èrò, nítorí ohùn obìnrin náà jọ ti ọmọ rẹ̀ jù.

Ó tẹ nọ́ńbà náà kí àyà rẹ̀ tó já.

"Ìyá, èmi ni, Hafeezah. Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Ìyàwó mi!" Ẹ̀rín Mùsílíù gan-an ló ṣáájú ọ̀rọ̀. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìyá ní, "Bí mo bá ti ṣàlùwàlá àsùbáà tán báyìí, ẹ̀gbẹ́ ẹní ìkírun ni mo ṣì máa ń gbé fóònù sí. Wọ́n ní kí n yé ṣe é, ọmọ mi ti lọ. Mo ní bóyá ẹnì kan á pè."

Ẹkún gbọn Hafeezah. Láràárọ̀, ní wákàtí kan náà, àwọn méjèèjì ti ń jí.

Ayọ̀fẹ́mi gòkè padà, eruku wà lórúnkún rẹ̀. "Ṣé kí n tàn án padà, mà?"

"Tàn án títí wọn ó fi wá gbé e," ó wí, ó ń nu ojú. "Kó o kan ilẹ̀kùn Monica bó o bá ń lọ. Sọ fún un pé mo ti gbà."

Ó gbé fóònù padà sétí. "Ìyá, láti ọ̀la lọ, kí ẹ tó kírun, n ó máa pè yín."

"Nínú òtútù yẹn? Ta ni yóò máa jí ẹ?"

Hafeezah wo aago bọ́ílà.

"Mo ti ń jí, mà," ó dáhùn. "Ó pẹ́ tí mo ti ń jí."