Ìdajì Àpò Tó Ṣófo

1.

…nítorí náà, ẹ gbà á lẹ́nu mi: ní gbogbo Shubra, àdúgbò wa ní Kairo, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ìdí rélùwéè, kò sí ọkùnrin tó mọ ẹrù dì tó èmi Wagdi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe àwàdà lórí ìtàgé káàkiri Íjíbítì. Mo jọba. Mo ṣe dókítà. Mo ṣe ìyàwó dókítà. Inú àpótí kan náà ni gbogbo wa ń sùn. Ọjọ́ márùn-ún ní Aswan? Àpò kan. Kílò mẹ́rin, lórí òṣùwọ̀n alálùbọ́sà ìsàlẹ̀ ilé wa. Síìpù rẹ̀ ń pa dé wẹ́rẹ́ bí ìpéǹpéjú ọmọ tó yó.

Ẹni tó bá ń di ẹrù púpọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á.

2.

OHUN TÓ WỌLÉ

Ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé méjì: funfun kan, pupa kan.
Sòkòtò kan. Èkejì wà nídìí mi.
Pátá mẹ́ta.
Sálúbàtà.
Fìlà oòrùn.
Abẹ ìfárùngbọ̀n.

OHUN TÍ KÒ WỌLÉ

Súwẹ́tà. Kóòtù. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Aswan mà ni mò ń lọ, níbi tí oòrùn kì í ti í gba ìsinmi. Òtútù oṣù kìíní, mo fi í sílẹ̀ ní Kairo kó máa bá wọn ṣọ́lé.

OHUN TÓ ṢẸ́ KÙ

Ìdajì àpò. Òfìfo. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

3.

Ti Nabra ni ìdajì yẹn.

4.

Nabra ni ìyàwó mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Aswan ni. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ́jú ìyá òun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá náà kú lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí.

A ò jà o.

Ẹ bi gbogbo ará ilé. A ò jà.

Aṣọ tó mú lọ, aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Kóòtù eléérú rẹ̀, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé rẹ̀, ìborùn onírun àgùntàn rẹ̀, gbogbo wọn wà nínú wọ́dúróòbù, lápá ọ̀tún. Mi ò ṣí apá ọ̀tún yẹn rí látìgbà tó ti lọ. Kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Obìnrin tí kóòtù òtútù rẹ̀ ṣì wà nílé, ilé ló ń bọ̀. Ó kù kí n lọ mú un ni. Ìdajì àpò á gba ẹrù rẹ̀, a ó jọ wọ rélùwéè padà, ó parí.

5.

(Mo yọ èyí. Ó wúwo.)

6.

Fóònù, ọjọ́ Àìkú.

WAGDI: Mò ń bọ̀ ní Aswan lọ́jọ́ Àlàmísì. Ìsinmi lásán ni. Dókítà ní kí n lọ yá oòrùn fún àyà mi.

NABRA: Ojú ọjọ́ ò dúró sójú kan níbí. Mú aṣọ òtútù wá.

WAGDI: Èmi kẹ̀? Ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́ ni tèmi. Haha.

WAGDI: Haha.

WAGDI: Ṣé o wà níbẹ̀?

7.

Kò sí dókítà kankan.

8.

(Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkìlọ̀ nípa ìdọ̀tí.)

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ
Ọ̀gá Wagdi ti àjà kẹta ń lọ sí Aswan láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Ẹni tó bá ní ẹrù tó fẹ́ fi rán an, kó tètè gbé e gòkè. Èmi ni mo bá a gbé àpò rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ìdajì rẹ̀ ṣófo.
— Ìdírísì, mẹ́gàádì

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ní ilé tiwa, ẹni tó bá kọ ẹrù aládùúgbò, ìkíni ló kọ̀. Wọn á sọ ọ́ títí olúwarẹ̀ á fi kú. Wọn á tún sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀.

9.

Ẹnu ọ̀nà mi, ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá.

ÌYÁ SHADI (ilé rẹ̀ kojú sí tèmi): Ọlọ́run ló rán yín, Ọ̀gá Wagdi! Shadi mi tó ń ṣe sọ́jà ní Aswan, òtútù fẹ́ pa á.

WAGDI: Òtútù wo? Aswan la ń sọ, ìyá.

ÌYÁ SHADI: Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni? Kóòtù bàbá rẹ̀ rè é.

WAGDI: Kóòtù kọ́ nìyí. Àgùntàn ni. Ó ṣì ń mí.

ÌYÁ SHADI: Ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, á wọlé.

ÌDÍRÍSÌ: Ọ̀gá, dàbínù rè é, kílò méjì, fún àbúrò mi Sakina.

WAGDI: Dàbínù! Sí Aswan! Ìdírísì, ṣé o máa ń pọn omi lọ sódò ni?

ÌDÍRÍSÌ: Tiwọn ti dùn jù, ọ̀gá. Ìtọ̀ ṣúgà ń dà á láàmú.

ÌYÁ-ÀGBÀ TAFIDA (àjà kìíní, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí mo bá dákú): Gbà.

(Ẹrù kan, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa yíká.)

WAGDI: Kí ló wà nínú ẹ̀, ìyá?

TAFIDA: Aṣọ.

WAGDI: Ta ni kí n gbé e fún?

TAFIDA: Ẹni tó ni ín á wá pàdé ẹ nídìí rélùwéè.

WAGDI: Kí ló dé tí ẹ rán ẹnu rẹ̀ pa?

TAFIDA: Nítorí tìẹ ni.

10.

OHUN TÍ MO YỌ KÍ TIWỌN LÈ WỌLÉ

Sòkòtò inú àpò.
Ṣẹ́ẹ̀tì funfun.
Pátá méjì.

Kílò mẹ́tàlá. Mo jókòó lé síìpù kó tó pa dé. Ibi tí mo fi sílẹ̀ de ìyàwó mi, dàbínù ti jókòó síbẹ̀.

11.

Ọ̀RỌ̀ TÍ MO FẸ́ SỌ TÍ MO BÁ RÍ I

Àkọ́kọ́: "Nabra, ìmọ́lẹ̀ ojú mi, látìgbà tí o ti lọ, ilé náà dákẹ́, ògiri ń bi mí léèrè…" (Ó gùn. Mo yọ ọ́.)

Èkejì: "Nabra, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà fúlù. Gbogbo ológbò àdúgbò ti kó lọ." (Àwàdà ni. Mo yọ ọ́.)

Ẹ̀kẹta: "Nabra, má bínú."

Ìkẹta yìí ló fúyẹ́ jù. Mo dán an wò níwájú dígí. Dígí ń dúró dè mí kí n fi ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín kún un.

12.

Rélùwéè gbéra láago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀.

GIZA. Ẹ́síì ń tu yìnyín. Nínú oṣù kìíní! Mo pe kọ̀ndọ́kítọ̀.

— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù.
— Ọ̀gá, nǹkan méjì lẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe: kó ṣiṣẹ́, kó bàjẹ́. Èwo lẹ fẹ́?

BENI SUEF. Mo dé fìlà oòrùn.

MINYA. Mo wọ kóòtù Shadi. Mo yá a ni.

ASYUT. Ẹ́síì bàjẹ́. Fèrèsé ò ṣeé ṣí. Oòrùn wọlé wá bá wa jókòó. Dìgírì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo bọ́ kóòtù, ó ku ṣẹ́ẹ̀tì pupa alápá péńpé. Mo dìde dúró láàárín ọkọ̀: "Ẹ̀yin tí ẹ di ẹrù bí ẹni tí wọ́n lé nílùú, ẹ wò mí dáadáa! Bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò rè é!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ gidi. Ó tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

SOHAG. Mo jẹ dàbínù mẹ́ta. Ìdírísì ò kà á.

QENA. Wọ́n tún ẹ́síì ṣe. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

LUXOR. Kóòtù Shadi ò tó mọ́. Eyín ń lu eyín. Mo mú abẹ ìfárùngbọ̀n, mo fi tú okùn lẹ́nu ẹrù Ìyá-àgbà Tafida. Etí kan péré. Kí n ṣáà wò ó bóyá ohun tó nípọn wà níbẹ̀.

13.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ẸRÙ NÁÀ

Kóòtù eléérú kan.
Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan.
Ìborùn onírun àgùntàn kan.
Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, mẹ́ta.
Ìwé kan:

*Ìyá mi Tafida, ẹ kú ojúlọ́nà. Mo ti háyà ilé tèmi. Etí odò ni, ọ̀sán ibẹ̀ ń jóni, àárọ̀ ibẹ̀ ń gún egungun. Ẹ bá mi ṣí wọ́dúróòbù, apá ọ̀tún, ẹ kó aṣọ òtútù mi. Ẹ kó gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣẹ́ ìkankan kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ẹ fi rán an, àfi òun. Bó bá mọ̀, á fi ṣe àwàdà. Èmi Nabra.*

Nísàlẹ̀, bíírò pupa, ọwọ́ olùkọ́:

*Òun nìkan ló ń bọ̀.*

14.

Apá ọ̀tún wọ́dúróòbù ti ṣófo láti ọjọ́ wo, tí mò ń sùn tì í?

5.

(Mo dá a padà.)

Mo ní a ò jà. Òótọ́ ni. Ẹni méjì ló ń jà. Èmi nìkan ni mo sọ̀rọ̀.

Ìyá Nabra máa ń wá bá wa gbé nígbà òtútù. Kairo a máa tutù fún un wọnú egungun. Á wọ aṣọ mẹ́fà lé ara wọn, á fi ìborùn ọmọ rẹ̀ wé orí, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa gbọ̀n. Mò ń ṣe é lórí ìtàgé. Òun ni àwàdà mi tó dùn jù.

Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, mi ò lọ. Mo ní wọ́n ti ra gbogbo àga tán ní gbọ̀ngàn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gun orí ìtàgé. Mo wọ aṣọ mẹ́fà. Mo wé ìborùn. Mo gbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu ẹ̀yìn àga.

Ẹnìkan fi fóònù ká a sílẹ̀.

Fídíò náà dé Aswan kí ìbánikẹ́dùn mi tó dé.

15.

EDFU. Mo wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé. Bọ́tìnnì rẹ̀ ò pàdé níkùn mi. Òórùn ọṣẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

KOM OMBO. Mo wé ìborùn mọ́rí. Mo fi kóòtù Shadi lé gbogbo rẹ̀.

Kóòtù eléérú: rárá. Mo gbé e lé itan. Mo di apá rẹ̀ méjèèjì mú.

16.

"Ẹ̀yin èrò, a ti dé Aswan. Aago méje ìrọ̀lẹ́. Dìgírì mẹ́jọ. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti àríwá. A kí yín kú ìsinmi."

17.

Ènìyàn mẹ́ta ló dúró dè mí. Mẹ́ta! Látọjọ́ ìgbéyàwó mi, ènìyàn mẹ́ta ò tíì dúró dè mí níbì kankan láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo na ọwọ́ méjèèjì.

SHADI (aṣọ sọ́jà ló wọ̀): Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ṣé kóòtù bàbá mi lẹ wọ̀ yẹn?

WAGDI: Mò ń bá ẹ mú un móoru ni.

SHADI: Ẹ ṣeun. Ẹ bọ́ ọ.

(Mo bọ́ ọ.)

SAKINA (ó ti gba dàbínù, ó ń gbé e sókè sódò): Kílò méjì ni Ìdírísì ẹ̀gbọ́n mi pè é.

WAGDI: Ọ̀nà jìn, ìyá. Òtútù mú un, ó súnkì.

SAKINA: Dàbínù súnkì! Kóró ẹ̀ ló wà lápò yín yẹn àbí?

NABRA:

18.

Ó ń wò mí.

Ohun tó ń wò nìyí. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Súwẹ́tà obìnrin lórí rẹ̀, bọ́tìnnì ò pàdé. Ìborùn lórí. Fìlà oòrùn lórí ìborùn. Mò ń gbọ̀n láti orúnkún dé àgbọ̀n.

Mi ò ṣeré o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ṣeré.

19.

Mo mú ọ̀rọ̀ ìkẹta. Mo la ẹnu.

Eyín ló sọ̀rọ̀.

20.

Shadi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Sakina gbè é. Alágbàrù kan tí mi ò mọ̀ rí gbé ẹrù ẹlẹ́rù kalẹ̀ kó lè rí ààyè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi. Ẹ̀rín tí mo ti fi ọdún márùndínlógójì wá kiri.

Nabra gba kóòtù eléérú lọ́wọ́ mi. Ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò wọ̀ ọ́. Kò fún mi. Ó fi kọ́ apá.

21.

Àpò mi: sálúbàtà, abẹ, pátá kan. Ìdajì rẹ̀ ṣófo. Ó ju ìdajì lọ.

22.

Ẹ̀rín rọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Nabra, Shadi, Sakina, alágbàrù, bí wọ́n ṣe máa ń yíjú sí èmi nígbà tó bá ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

NABRA (àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀): Mo ní kó mú aṣọ òtútù wá.