Ìbéèrè Mẹ́wàá Tí Mo Mọ Ìdáhùn Wọn

Mo ti sọ ọ́. Mo ti sọ pé mò ń sùn. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti ki bébà rẹ̀ bọ inú báàgì — àní ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí, mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀. Mo ṣì lè pè é padà. Kí n kàn yọjú lójú fèrèsé, kí n ní, Àbúrò, dúró ná. Kí ló le níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. 

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Sísítà." Sísítà ló ń pè mí, torí èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún méjì gbáko ni èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ láti ilé dé ilé, tí à ń wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó tó kan èmi náà láti jókòó sílé. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà lórí bébà yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n lórí ju orúkọ àwọn ẹbí bàbá mi lọ. Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé ẹkún máa ń gbọ̀n yín láìnídìí? Ìkarùn-ún — ta ló ń ràn yín lọ́wọ́? Mo dá a lóhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí ìbéèrè kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó yẹ kí wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún mi.

Àti pé mo múra sílẹ̀ dè é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Láti aago méje àárọ̀... Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń wò kó tó jókòó: fèrèsé, abọ́ inú síǹkì, irun ìyá ọmọ. Mo ṣí kọ́tìnnì. Mo ya irun mi. Mo fọ gbogbo abọ́ tán, ni mo bá rò ó pé bí síǹkì bá mọ́ jù, yóò mọ̀ pé mi ò jẹun. Mo mú àwo kan, mo rún búrẹ́dì sí i, mo fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sí i létí, mo gbé e síbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Àgbàlagbà bíi tèmi! Bí kò bá ṣe pé ó rẹ̀ mí ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Mo máa ń sọ fún un nígbà náà pé kó má wo ẹnu àwọn ìyá ọmọ, ọwọ́ wọn ni kó máa wò. Ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, á máa fa etí aṣọ, á máa họ èékánná. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ náà ò gbàgbé. Ó wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà lábẹ́ aṣọ ìkókó, ó ń họ èékánná níbẹ̀, èmi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lókè. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ibi tí à ń wò ni mo mọ ibi tí mo lè fi nǹkan pamọ́ sí.

Ìkókó ò ṣẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí, ó ń mu ọmú, ó ń sanra. Kílò mẹ́rin àti ààbọ̀. "Ọmọ yìí ń gbádùn o, Sísítà!" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbádùn. Èmi tí wọ́n ń fà mu ńkọ́, ta ló gbé mi sórí ìwọ̀n?

Ooru yìí... Ìsinmi ilé-ìwé ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mẹ́rin! Ọ̀gá Ariwo, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ti kó gbogbo tìmùtìmù orí àga sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú omi ni, kápẹ́ẹ̀tì ni òkun, ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ti rì. Mo ti rì lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti àárọ̀. Ẹnìkan ò fa ọwọ́ mi. Ó kàn pàtẹ́wọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí mi, jókòó sídìí ògiri, ó ń ká ìlédìí. Ọmọ ọdún méje. Láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ ni kò ti yọ mí lẹ́nu rárá. "Ọmọ tó gbọ́n báyìí, ẹ kú oríire." Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, nọ́ọ̀sì náà sọ ọ́. Mo dúpẹ́.

Ṣé bàbá wọn ni kí n wá sọ fún? Òrùlé ló ń kàn, ìgbà tí òjò ò sí yìí sì ni iṣẹ́ wọn máa ń ya lulẹ̀. Ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé pẹ̀lú ọrùn tí oòrùn ti bó. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń béèrè. "Ìyá wọn, báwo lónìí?" Mo máa ń ní, a dúpẹ́. Ó sì ti ń hanrun kí n tó parí ẹ̀. Ìyá mi? Lórí fóònù: "Ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ gidi, ọkọ tí kì í na ọwọ́ sí ọ, kí lo tún ń wá?" Kí ni mò ń wá, Màmá? Mi ò mọ̀. Àwa márùn-ún la wà nínú ilé yìí, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo dá wà. Ó dà bíi pé mo sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ìyàwó awakọ̀ kan wà tí mo lọ wò, àjà kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Kíákíá ló dáhùn gbogbo ìbéèrè, kódà ó ń dá mi lẹ́rìn-ín. Mo fi àmì sí i, àmì, àmì, mo ní ẹ ṣeun gan-an ni. Iṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo rò pé ọ̀yàyà ló ń ṣe é... Ọlọ́run dárí jì mí. Ó ń dúró kí n yíjú padà ni.

Kí n pe nọ́ọ̀sì náà. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Tí mo bá pè é — á kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bébà á dé orí tábìlì ọ̀gá wa. Àwọn tí a jọ ń mu tíì á gbọ́. "Sísítà? Sísítà tiwa yìí náà?" Wọ́n á wá máa bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀. Ojú wo ni màá fi padà síbi iṣẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Màá fara dà á. Mi ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, mi ò pa ẹnikẹ́ni lára, èmi nìkan ni mò ń jìyà ẹ̀...

Ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ó ti lọ.

Kí ni ọmọ yìí tiẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan? Àkọ́bí mi. Nígbà tí mò ń ti ilẹ̀kùn, ó sọ nǹkan, mo sì ní kó dákẹ́, pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. "Mọ́mì, ẹ sọ fún àǹtí pé ẹ ń sùn." Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ ìyẹn. Ó tún sọ òmíràn, ó rọra sọ ọ́, kò wò mí... "Kíṣìnnì lẹ máa ń wà. Ẹ máa ń ṣí ẹ̀rọ omi, káwa má baà gbọ́ ẹkún yín."

Ta ló sọ fún un? Bàbá ẹ̀ ò mọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Mo máa ń dúró kí gbogbo wọn sùn tán, mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn kí n tó —

Ó ń gbọ́ omi náà.

Tó bá ń gbọ́ omi, a jẹ́ pé kò sùn. Lójoojúmọ́. Ó ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó la ojú sílẹ̀, ó ń dúró kí n ti ẹ̀rọ pa. Tílẹ̀ bá wá mọ́, á jókòó sídìí ògiri, á máa ká ìlédìí, àwọn èèyàn á máa kí mi kú oríire.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti jìn wọnú. Mo ti wo ojú ìyá tó tó igba, mo mọ ojú tí kò rí oorun sùn, mi ò sì wo ti ọmọ mi.

Àwa méjì ni. Àwa méjì ni láti ọjọ́ yìí wá.

Mò ń tẹ nọ́ńbà nọ́ọ̀sì náà. Ó ń dún.